Fíúsì Kan fún Bátìrì Kan: Bí A Ti Ń So Bátìrì Lítíọ̀mù Pọ̀ Láìséwu

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kẹ̀yìn sí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n sì kọjú sí oòrùn. Lórí òrùlé ilé ìwòsàn, lórí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lórí ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́, pánẹ́ẹ̀lì sólà ti di ohun tí ojú mọ̀. Ohun tí ojú kì í sábà rí ni èyí tí ó wà nínú ilé, èyíinì ni bátìrì tí ń gba iná oòrùn pamọ́ di alẹ́. Bátìrì olójé tí ó wúwo bí ọlọ, tí a ní láti máa bu omi sí lóòrèkóòrè, ti ń kúrò lójú ọ̀nà. Bátìrì lítíọ̀mù ni ó ń gba ipò rẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ń pẹ́, kò sì gba omi. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó bá dáwó ra ẹyọ kan lọ́dún yìí a tún dáwó ra èkejì lọ́dún tí ń bọ̀, wọn a sì pe oníṣẹ́ iná kí ó wá so méjèèjì pọ̀. Ibi ìsopọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ìsopọ̀ náà bá dára, fíríìjì tí a ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé sí kò ní dákẹ́ lóru, agbẹ̀bí kò sì ní máa fi ẹnu gbé tọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó bá ń gbẹ̀bí. Bí kò bá dára, ilé lè jóná mọ́ ohun tí gbogbo ìlú dáwó lé lórí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kì í sì í ju fíúsì mélòó kan àti wáyà tí a gé dọ́gba lọ.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Lítíọ̀mù ni ó fúyẹ́ jùlọ nínú gbogbo irin ayé. Ilé iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Japan ni ó kọ́kọ́ gbé bátìrì tí a fi í ṣe, èyí tí a lè máa gba iná sí, jáde fún títà ní ọdún 1991. Oríṣi tí ó wọ́pọ̀ jùlọ nínú ilé lónìí, èyí tí a fi irin àti fọ́sífétì pò pọ̀ mọ́ lítíọ̀mù, jẹ yọ láti inú ìwádìí tí John Goodenough àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Bàbá náà gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019, pẹ̀lú Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 97. Kò tí ì sí ẹni tí ó dàgbà tó o rí kí ó tó gba ẹ̀bùn náà. Bátìrì onífọ́sífétì yìí kì í tètè gbiná bí irú èyí tí ó wà nínú fóònù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ontajà máa ń fi kún un, pé kò lè jóná láéláé, kì í ṣe òtítọ́.

Àpótí kan tí a ń pè ní bátìrì kì í ṣe bátìrì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ bátìrì ni wọ́n tò sínú rẹ̀, ipá ọmọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fóltì 3.2. Bí wọ́n bá to 16 wọn léra, orí èyí mọ́ ìdí èyí, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to bátìrì sínú tọ́ọ̀ṣì, ipá wọn a ròpọ̀ di fóltì 51.2. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bátìrì fóltì 48. Bí wọ́n bá kọ 100 Ah sí ara àpótí náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó lè fúnni ní ámpíà 100 fún wákàtí kan, tàbí ámpíà 10 fún wákàtí mẹ́wàá. Bí a bá fi 51.2 sọ 100 di púpọ̀, a ó rí i pé iná tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 5.12 fún wákàtí kan.

Ẹnu méjì ni àpótí kọ̀ọ̀kan ní: ẹnu àròpọ̀, tí wọ́n máa ń kùn ní pupa, àti ẹnu àyọkúrò, tí wọ́n máa ń kùn ní dúdú. Nígbà tí a bá so àpótí méjì pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ra, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú, ipá wọn kò ní yí padà, fóltì 51.2 náà ni yóò jẹ́. Ohun tí yóò di ìlọ́po méjì ni iye iná tí ó wà nípamọ́. Ó dà bí ìkòkò omi méjì tí a gbé sórí ilẹ̀ títẹ́jú, tí a sì fi ọ̀pá oníhò so ìsàlẹ̀ wọn pọ̀. Omi inú wọn kò ga sí i, ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i. Kí a má ṣe gbàgbé àwọn ìkòkò méjì yìí, nítorí a ó tún padà sọ́dọ̀ wọn.

BÍ BÍRÍÌJÌ TI Ń PA ILÉ RUN

Georg Ohm, ará Jámánì, kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1827 pé bí a bá fi ìdènà pín ipá, ìṣàn iná ni a ó rí. Ìdènà inú bátìrì lítíọ̀mù kéré púpọ̀, èyí sì ni ó fi dára fún iṣẹ́, nítorí pé iná kì í ṣòfò sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi dára náà ni ó fi léwu. Kí a gbà pé ìdènà àpótí kan pẹ̀lú wáyà rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú ẹgbẹ̀rún óómù kan. Bí wáyà pupa bá kan dúdú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bíríìjì, a ó fi 0.02 pín 51.2, ìṣàn tí yóò sì jáde jẹ́ ámpíà 2,560. Kí a fi wé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ onírin wáàtì 1,000, tí kì í gbà ju nǹkan bí ámpíà mẹ́rin àti ààbọ̀ lọ lára iná ilé. Àpótí mẹ́ta tí a so pọ̀ lè da èyí tí ó ju ámpíà 7,000 lọ sí ojú bíríìjì kan ṣoṣo. Sípánà tí ó bá bọ́ lé ẹnu méjèèjì a pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ẹ̀gbà kí ó tó fọwọ́ kan bátìrì, tí ó sì ń fi téèpù wé ìdí sípánà rẹ̀.

Fíúsì ni a fi ń dènà èyí. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀, tí yóò yọ́ bí ìṣàn bá ti kọjá iye tí a kọ sí i lára. Kò sí oníṣẹ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni ibi tí ó yẹ kí fíúsì wà àti iye tí ó yẹ kí ó jẹ́ nígbà tí bátìrì bá ti ju ẹyọ kan lọ.

Kí a gbà pé bátìrì mẹ́ta ni ó wà nínú yàrá iná ilé ìwòsàn kan, tí gbogbo wọn sì pàdé lórí ọ̀pá bàbà méjì, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún dúdú. Láti orí ọ̀pá bàbà ni wáyà ńlá ti lọ sí ínfátà, fíúsì ńlá kan sì wà lójú ọ̀nà náà. Ìyálọ́jà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dá púpọ̀ nínú owó náà, béèrè pé kí ló dé tí kò sí fíúsì lẹ́nu bátìrì. Oníṣẹ́ iná dá a lóhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá, fíúsì ńlá yẹn ti tó gbogbo wọn.” Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ bátìrì kan bá bàjẹ́ tí bíríìjì sì ṣẹlẹ̀ nínú àpótí kejì. Àpótí kìn-ín-ní àti ìkẹta a bẹ̀rẹ̀ sí da iná sínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn, gba orí ọ̀pá bàbà kọjá. Fíúsì ńlá tí ó wà lójú ọ̀nà ínfátà kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, nítorí pé ìṣàn náà kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni yóò rí bí eku bá jẹ wáyà àpótí kejì títí pupa fi kan dúdú. Gbogbo bátìrì yóò jùmọ̀ sun wáyà kan ṣoṣo náà, ínfátà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì kọ̀ọ̀kan ní fíúsì tirẹ̀ lẹ́nu pupa rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Nígbà tí àpótí kejì bá bàjẹ́ nínú, fíúsì tirẹ̀ ni yóò gba àpapọ̀ ìṣàn méjì yòókù, nígbà tí fíúsì ti àwọn yẹn yóò gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ kọ́kọ́ já, kí àwọn méjì yòókù sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ojú wáyà lẹ́yìn fíúsì ni bíríìjì ti ṣẹlẹ̀, fíúsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè já, kí iná sì kú. Iná tí ó kú sàn ju ilé tí ó jó lọ.

Wáyà tí ó wà láàárín ẹnu bátìrì àti fíúsì kò ní olùṣọ́ kankan. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó fi yẹ kí ó kúrú dé ibi tí ó bá lè kúrú dé. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìlànà iná inú ọkọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà fi í sí ínǹṣì 7, àyàfi bí wáyà náà bá wà nínú ọ̀pá ààbò. Oríṣi fíúsì mìíràn tilẹ̀ wà tí a lè dè mọ́ ẹnu bátìrì gan-an.

Kì í ṣe gbogbo fíúsì ni ó yẹ fún iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà méjì ni a ní láti wò lára rẹ̀ yàtọ̀ sí iye ámpíà: ipá tí ó lè dá dúró àti ìṣàn tí ó lè gé. Bí bíríìjì bá ju agbára fíúsì lọ, okùn inú rẹ̀ a yọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná a fò kọjá àlàfo náà bí mànàmáná, a sì máa ṣàn lọ. Fíúsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní ANL, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe rédíò ọkọ̀, sábà máa ń jẹ́ ti fóltì 32. Kò yẹ lẹ́nu bátìrì fóltì 48. Èyí tí wọ́n ń pè ní Class T, tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ láti pa iná tí ó bá fẹ́ fò, lè gé ìṣàn tí ó tó ámpíà 20,000. Ó wọ́n ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó nǹkan lára owó bátìrì. Ní ti ẹni tí ó ń yí wáyà bàbà mọ́ fíúsì tí ó ti já, kò sí ìlànà tí a lè kọ́ ọ ju pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

BÍ A TI Ń ṢÍRÒ FÍÚSÌ ÀTI WÁYÀ

Wáyà ni fíúsì ń ṣọ́. Kì í ṣe fíríìjì, kì í sì í ṣe ínfátà. Nítorí náà, ìṣàn tí a fẹ́ lò ni ó gbọ́dọ̀ kéré jù, fíúsì a tẹ̀ lé e, agbára wáyà a sì ga ju méjèèjì lọ. Bí ìtò yìí bá yí padà, tí fíúsì ámpíà 125 wà lójú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, wáyà náà ni yóò di fíúsì, yóò sì jó mọ́ ara ògiri.

Kí a fi ínfátà kílówáàtì 5 ṣe àpẹẹrẹ. Bí ipá bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ dé fóltì 48, a ó fi 48 pín 5,000, a ó rí ámpíà 104. Ṣùgbọ́n ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú iná náà. Bí ó bá jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ohun tí ó ń fà lẹ́nu bátìrì a tó ámpíà 116. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan kún un kí fíúsì má baà máa gbóná lójoojúmọ́: èyí jẹ́ 145, fíúsì tí ó sún mọ́ ọn lọ́jà sì ni ti ámpíà 150. Wáyà ńlá tí ó lọ sí ínfátà gbọ́dọ̀ lè gbé ju ámpíà 150 lọ; wáyà bàbà 50 mm², tí èèpo rẹ̀ lè fara da ooru, ni ó bá a mu. Lẹ́nu bátìrì kọ̀ọ̀kan, bí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é bá kọ ọ́ pé kò gbọ́dọ̀ mú ju ámpíà 100 jáde, fíúsì ámpíà 125 àti wáyà 35 mm² tí ó ní irú èèpo kan náà ni a ó lò. Kí a rántí pé yàrá iná ní ilẹ̀ wa máa ń gbóná, wáyà tí ó wà nínú ooru kì í sì í lè gbé tó iye tí a kọ sí ìwé rẹ̀ nítorí àwọn ilẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ bírékà ń fẹ́ àkíyèsí. Iná ilé máa ń yí ojú padà lọ́nà tí ó fi ń kú fún ìṣẹ́jú àáyá tíntín ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà náà ni bírékà ń rí i pa. Iná bátìrì kì í kú bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣàn gbọnrangandan sí ojú kan. Bírékà iná ilé tí a bá dè mọ́ bátìrì lè ṣí ẹnu lóòótọ́, kí iná sì máa jó láàárín ẹnu rẹ̀ títí yóò fi yọ́. Kódà nínú bírékà tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì, òmíràn wà tí wọ́n fi àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò sí, tí kì í lè gé iná bí kò ṣe láti ojú kan. Bátìrì sì ń gba iná wọlé lọ́sàn-án, ó ń mú un jáde lálẹ́. Èyí tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ ni kí a rà.

KÍ Ẹ̀GBỌ́N MÁ BA À ṢE IṢẸ́ ÀBÚRÒ

Àwọn bátìrì tí a so pọ̀ kì í pín iṣẹ́ dọ́gba fúnra wọn. Ọ̀nà tí a bá gbà so wọ́n ni yóò pín in. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún oníṣẹ́ tí ń kánjú ni kí ó fi wáyà kúkúrú so bátìrì kìn-ín-ní mọ́ èkejì, èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta mọ́ ẹ̀kẹrin, kí ó sì mú wáyà ínfátà méjèèjì láti ẹnu ti àkọ́kọ́. Kí a ṣírò rẹ̀. Bí ìdènà inú bátìrì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdá 10 nínú ẹgbẹ̀rún óómù, tí ti àwọn wáyà tí ó so bátìrì méjì pọ̀ sì jẹ́ ìdá kan péré, nígbà tí ínfátà bá ń fa ámpíà 100, bátìrì kìn-ín-ní a mú nǹkan bí 33 wá, èkejì a mú 26, ẹ̀kẹta a mú 22, ẹ̀kẹrin tí ó wà lọ́nà jíjìn a mú 20. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà kékeré yìí ṣe fi ara jọ ohun tí kò já mọ́ nǹkan! Lójoojúmọ́ ni àkọ́kọ́ yóò máa ṣiṣẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ gbó, àwọn olówó yóò sì máa sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn.

Bí bátìrì bá jẹ́ méjì, àtúnṣe rẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀: kí a mú wáyà pupa láti ẹnu ti àkọ́kọ́, kí a sì mú dúdú láti ẹnu ti èkejì. Nípa báyìí, ọ̀nà tí iná ń gbà kọjá nínú àwọn méjèèjì yóò gùn dọ́gba. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, ọ̀pá bàbà ni ó dára jù, kí bátìrì kọ̀ọ̀kan ní wáyà pupa àti dúdú tirẹ̀ lọ sí orí ọ̀pá náà, kí gbogbo wọn nípọn dọ́gba, kí wọ́n sì gùn dọ́gba. Bátìrì tí ó wà nítòsí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ ní wáyà tí ó kúrú ju ti èyí tí ó jìnnà lọ. Ó máa ń dun oníṣẹ́ láti ká wáyà tí ó ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni kí ó ṣe.

Etí bàbà tí ó wà lórí wáyà, tí wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀gì, ẹ̀rọ ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Òòlù kò lè ṣe é dáadáa. Ìdè tí kò le ní ìdènà, ìdènà a di ooru, ooru a sì tún tú ìdè náà sí i.

ÌGBÀ ÀKỌ́KỌ́ TÍ WỌ́N BÁ PÀDÉ

Nísinsìnyí ni a padà sọ́dọ̀ ìkòkò méjì wa. Bí ọ̀kan bá kún tí èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí a sì ṣí ọ̀pá tí ó so wọ́n pọ̀ lójijì, omi a ya lọ bí àgbàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì. Bí ọ̀kan bá wà ní fóltì 54 tí èkejì sì wà ní 50, fóltì 4 ni ó yà wọ́n. Bí ìdènà àwọn méjèèjì lápapọ̀ bá jẹ́ 0.04 óómù, ámpíà 100 ni yóò ya láti inú èyí sínú ìyẹn ní ojú ẹsẹ̀ tí wáyà bá kanra, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan gílóòbù kan.

Fífi mítà wọ̀n wọ́n nìkan kò tó, nítorí ìwà bátìrì onífọ́sífétì máa ń tanni jẹ. Láti ìgbà tí iná inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìdá 70, ipá rẹ̀ kì í yàtọ̀ ju nǹkan bí fóltì kan lọ. Bátìrì méjì lè jọra lójú mítà kí ohun tí ó wà nínú wọn má jọra rárá. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ gba iná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí yóò fi kún, kí a jẹ́ kí wọ́n sinmi fún wákàtí mélòó kan, kí a wá wọ̀n wọ́n. Bí ìyàtọ̀ wọn kò bá kọjá iye tí ìwé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n gbà láàyè, kí a so wọ́n pọ̀. Ìwé náà ni yóò sọ iye àpótí tí ó gbọ́dọ̀ wà papọ̀ pẹ̀lú.

Kí wọ́n jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà, kí ọjọ́ orí wọn má sì jìnnà síra. Lítíọ̀mù àti bátìrì olójé kò gbọ́dọ̀ sùn lórí ọ̀pá bàbà kan náà, nítorí pé ọ̀nà tí a ń gbà gba iná sí wọn kò bára mu. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ògbólógbòó olójé kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ a máa rò pé àfikún ni, ìpalára ni.

Ínfátà náà ní ohun kan nínú tí ó máa ń gbé iná mì wàì nígbà àkọ́kọ́ tí a bá so ó mọ́ bátìrì. Òun ni ó ń ṣe ìtàpara tí ń dẹ́rù bani, tí ó sì ń jẹ ẹnu wáyà. Oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n a kọ́kọ́ fi ohun ìdènà kékeré gba iná náà wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ó tó de ìdè gidi.

ÌDÍ TÍ OLÙṢỌ́ INÚ BÁTÌRÌ KÒ FI TÓ

Àwọn kan a sọ pé fíúsì kò pọn dandan, nítorí pé ẹ̀rọ olùṣọ́ tí wọ́n ń pè ní BMS wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni pé ó wà. Ó ń wo ipá ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ó kọjá nǹkan bí fóltì 3.65 nígbà tí iná bá ń wọlé, tàbí kí ó wálẹ̀ ju nǹkan bí 2.5 lọ nígbà tí ó bá ń jáde. Ó ń wo ooru, ó sì ń gé iná bí ìṣàn bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èròjà kéékèèké ni ó fi ń gé e, irú èyí tí ó wà nínú rédíò, àwọn èròjà wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá sì jóná, wọ́n sábà máa ń jóná pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí fún iná láti kọjá. Olùṣọ́ tí ó kú sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní gbangba kò lè dá olè dúró. Ó sì wà nínú àpótí. Kò lè rí bíríìjì tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ọmọ bátìrì.

Ohun mìíràn tún wà. Nínú bátìrì mẹ́ta tí ínfátà wa ń fa ámpíà 116 lára wọn, ìpín kọ̀ọ̀kan kò tó 40. Bí olùṣọ́ ọ̀kan bá gé, ìpín àwọn méjì a di 58, kò sì sí wàhálà. Bí ti èkejì náà bá gé, gbogbo 116 a ṣubú lé ẹyọ kan tí kò gbọ́dọ̀ ju 100 lọ, òun náà a sì gé, iná a kú lójijì lójú ẹni tí ń gbẹ̀bí. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí ẹnìkan máa wo bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ nígbà tí ẹyọ kan bá ti dákẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Yàrá tí bátìrì wà kò yẹ kí ó jẹ́ yàrá tí ènìyàn ń sùn sí, tàbí ibi tí a ń tọ́jú bẹntiróòlù. Kí atẹ́gùn máa wọlé, kí oòrùn má ṣe kan àpótí, kí eku má sì rí àyè. Bátìrì tí ó bá wú, tí ó ń rùn tàbí tí ó ń tú èéfín, kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò níbẹ̀, nítorí pé háídírójìn wà nínú èéfín náà, èyí tí ó lè bú gbàmù, àti afẹ́fẹ́ olóró mìíràn pẹ̀lú.

Ìjọba àpapọ̀ ní àjọ kan, NEMSA ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún àwọn tí ó yege ní ìwé ẹ̀rí. Kò sí ohun ìtìjú nínú kí ìgbìmọ̀ ìlú sọ pé kí oníṣẹ́ fi ìwé náà hàn kí owó tó yí ọwọ́. Kí wọ́n sì ní kí ó ya bí a ti so gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan, pẹ̀lú iye fíúsì àti ìnípọn wáyà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá iná. Oṣù kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, kí ó padà wá pa iná, kí ó fi sípánà dán gbogbo ìdè wò, nítorí pé bàbà tí ó gbóná tí ó sì tutù lójoojúmọ́ a máa yẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ti tó. Fíúsì ìpààrọ̀ kan tí iye rẹ̀ bá ti ara ògiri mu ni kí wọ́n so kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà.